Ẹ Jẹ́ Ká Dojú Kóńgò Dé

Ìyá mi ta gàrí ní Ọjà Ọba, n'Íbàdàn, fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ tó kángun sí tiwa. Oníbàárà kan ti ra kóńgò mẹ́fà, ó gbé e délé, ó tún un wọ̀n, kò pé márùn-ún. Ó gbé e padà wá. Ẹni tó tà á fún un búra pé gàrí ọdún yẹn ló fúyẹ́, pé ó rọ̀ lójú ọ̀nà, pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe é ni kò gbó. Èrò pé lé wọn lórí. Nígbà tí Ìyálọ́jà dé, kò bá gàrí wí rárá. Kóńgò ló ní kí wọ́n gbé wá. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀, gbogbo wa sì rí i bí wọ́n ṣe fi òòlù lu ìdí kóńgò náà wọnú.

Ìdí kóńgò yẹn ni mo rántí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí JAMB gbé èsì ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì jáde. Nínú 1,955,069 ọmọ tí èsì wọn jáde, iye tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni kò gba tó 200 nínú 400. Ariwo ta. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ọmọ òde òní kì í kàwé, pé fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé máàkì tó lọọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìjà tí àwọn ń bá màgòmágó ìdánwò jà ti ń so èso. Gàrí ni gbogbo wọn ń bá wí.

Àwọn kan ò gbà. Àwọn ọmọ ń sọ pé ìbéèrè tí àwọn rí lójú kọ̀ǹpútà kò pé, àwọn òbí ń kọ lẹ́tà, àwọn kan ń múra ilé ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ìdánwò 157: 65 l'Ékòó, 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ẹ̀rọ tó ń pín ìbéèrè ní àwọn ibùdó wọ̀nyẹn kò rí àtúnṣe tí àwọn yòókù rí gbà. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 206,610 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sunkún. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹkún yẹn, torí àgbàlagbà tó jẹ́wọ́ ní gbangba ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nípò kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn títí mo fi máa sọ̀rọ̀ mi tán: àwọn tó kígbe ló mú kí wọ́n dojú kóńgò dé. Ká ní gbogbo wa ti gbà pé gàrí ló fúyẹ́ ni, máàkì yẹn ì bá dúró sára àwọn ọmọ náà.

Kí ìjẹ́wọ́ náà tó jáde, ìròyìn ti kàn pé ọmọbìnrin kan ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó rí máàkì rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ó ní ìyá, ó ní bàbá.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí kóńgò kejì náà fi fọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, kéde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó ṣèdánwò ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà lára wọn. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ wí, àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà fi í ṣe wáàsù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí WAEC ti gbé èsì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé òmíràn jáde: ìdá 62.96. Wọ́n ti to ìbéèrè àwọn iṣẹ́ kan lónírúurú ọ̀nà kí ọmọ má bàa lè wo ti ẹnìkejì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń máàkì Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ ni wọ́n fi máàkì rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn ju 480,000 ọmọ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ́ olódo nínú ilé bàbá wọn.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni àwọn ọmọ kan fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, torí pé ìbéèrè ti jò síta, wọ́n sì ní láti wá òmíràn. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ebi ti ń pa láti ọ̀sán, tí ẹ̀fọn ń jẹ lẹ́sẹ̀, tó ń ka àyọkà lójú iná tọ́ọ̀ṣì, tí a sì ní ibẹ̀ la ó ti mọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

Mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama. Mo mọ bí ìdánwò ṣe ń jẹ ilé ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tẹ́ẹ̀mù kejì SS3 nìkan la fi ń yẹ ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wò. Nígbà tó yá, ó di gbogbo SS3. Nígbà tí mo máa fi fẹ̀yìn tì, ọmọ SS1 ti ń gbé ìwé past question ọdún mẹ́wàá kiri ju ìwé ìṣirò gan-an lọ. Mo ní ọmọkùnrin kan tó máa ń pe ìdáhùn kí n tó ka ìbéèrè tán. "C ni, sà." Lọ́jọ́ kan mo yí nọ́ńbà méjì padà nínú ìbéèrè náà. Ó tún ní C ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ń jí ní aago mẹ́rin òru láti kàwé. Ó ti há ibi tí C máa ń wà sórí, torí ohun tí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ fi hàn án pé ó ṣe pàtàkì nìyẹn.

Oko ilé ìwé wa di pápá ìgbẹ́. Ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Yorùbá, tó máa ń mú gbogbo àdúgbò wá sí ilé ìwé ní òpin tẹ́ẹ̀mù, parẹ́ lọ́dún tí wọ́n fi ọ̀sán Jímọ̀ fún lẹ́ẹ̀sìnì WAEC. Ohun èlò físíìsì wà nínú páálí, wọ́n ń dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò kí wọ́n tó tú u. Ẹnikẹ́ni ò ṣòfin pé ká pa nǹkan wọ̀nyí rẹ́. Kò kàn sí máàkì fún wọn ni.

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọgbọ́n rere kan wà nínú rẹ̀: kí iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láti tẹ́ẹ̀mù dé tẹ́ẹ̀mù wà lára ohun tí a ó fi mọ bó ṣe mọ̀wé tó, kí ó má jẹ́ ìdánwò ọjọ́ kan nìkan. Ọgbọ́n náà ṣì wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti jókòó nínú yàrá àwọn olùkọ́ tí wọ́n ní ká kọ máàkì ọdún mẹ́ta fún igba ọmọ láàárín ọjọ́ méjì, torí pé WAEC ti ń béèrè. A kọ ọ́. Èmi náà kọ ọ́. Mo fún ọmọ tí mo fẹ́ràn ní 26 nínú 30, mo fún èyí tí mi ò rántí ojú rẹ̀ ní 18. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ wá wo ohun tí a gbára lé dípò ọgbọ́n yẹn. Ìdánwò JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ pín in. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kíkà àti ríronú àti títẹ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀. Ọmọ tó ń fara balẹ̀ ronú, irú ọmọ tí ẹnikẹ́ni á fẹ́ kó jẹ́ dókítà òun, kò ríbi sá sí nínú ìṣirò yẹn. Ọmọ tó sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, máàkì náà kì í lò ju ọdún kan lọ. Ẹni tó gba 280 lọ́dún yìí tí kò rí àyè, máàkì rẹ̀ ti kú kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, bẹ́ẹ̀ èsì WAEC ẹni tó ṣe é ní 1985 ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Á tún sanwó, á tún jí lọ sí ibùdó tí wọ́n ní kó dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà míì ní ìlú tí kò dé rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ kan yín lára. Owó kan wà tí à ń san tí kò sí nínú rìsíìtì. Ó ju owó ìdánwò fúnra rẹ̀ lọ, a sì ń pè é ní owó ìrànlọ́wọ́. A mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. A tún mọ ilé ìwé tí wọ́n ń mú ọmọ lọ ní SS3, tí kò kàwé níbẹ̀ rí, torí pé ìdánwò kì í le níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òbí san owó yẹn, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ láìla ẹnu pé òun kò gbà pé ọpọlọ rẹ̀ tó. Ọmọ kì í gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ máàkì di ẹnubodè kan ṣoṣo, àwọn èèyàn á gun ògiri.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí George W. Bush fọwọ́ sí ní 2002 sọ ìdánwò ọdọọdún di dandan, ó sì sọ máàkì ọmọ di ohun tí wọ́n lè fi jẹ ilé ìwé níyà. Ní Atlanta, ìwádìí tó jáde ní 2011 dárúkọ olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ìwé 178 ní ilé ìwé 44 pé wọ́n lọ́wọ́ nínú jìbìtì máàkì; àwọn kan ti jókòó fi rọ́bà pa ìdáhùn ọmọ rẹ́, wọ́n kọ èyí tó tọ̀nà sí i. Àwọn olùkọ́ ni o, àwọn tó ń fi owó ara wọn ra oúnjẹ fún ọmọ. Ìbẹ̀rù nọ́ńbà ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2015, ní ìpínlẹ̀ New York, nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ni kò jókòó fún ìdánwò náà, torí pé àwọn òbí wọn kọ̀wé pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn gan-an, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin mìíràn rọ́pò ti 2002. Ìdánwò ṣì wà níbẹ̀. Ìdẹ́rùbà tó wà nídìí rẹ̀ ló dínkù.

Èmi náà ò ní ká má ṣe ìdánwò mọ́. Ọmọ oní-gàrí ni mí. Kò sí ẹni tí ìyá mi mọ̀ ní yunifásítì, ìdánwò ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọjà tí kò sí kóńgò, ẹni tí apá rẹ̀ gùn ló ń bu gàrí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká kó JAMB àti WAEC dànù, kò sọ̀rọ̀ fún mi. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ẹni tó ń wọn nǹkan jẹ́ kí àwa tí à ń rà á rí ìdí kóńgò.

Àti pé kí wọ́n má fi kóńgò tí wọ́n lù wọnú ṣe ẹlẹ́rìí lé wa lórí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025 kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde ní Àbújá pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kù láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ẹ̀rí wo ló mú wá? Ó ní ìkùnà nínú WAEC, NECO àti JAMB pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Ọdún 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n fagi lé yìí. Àwọn ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde ní pámárì ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ìlànà náà. Ti ìlànà àtijọ́, ti 1977, ẹ wo àdúgbò yín: ilé ìwé mélòó lẹ mọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń san fáìnì torí ó sọ Yorùbá?

Bí a bá sì fẹ́ ẹ̀rí, ó wà n'Ífẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn. Kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbẹ́yìn. Mo kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọmọ bá gba òdo, ìbéèrè ni kò yé e. Bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ojú rẹ̀ á là. Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ó tó àkókò tí a ó dìde. Ìjọba ti kéde pé WAEC àti NECO náà ń lọ sórí kọ̀ǹpútà. Bí àṣìṣe bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ 379,997 lọ́wọ́ àjọ tó ti ń lo kọ̀ǹpútà láti 2013, kí la fẹ́ fi lélẹ̀ fún ilé ìwé tí kò rí iná ìjọba rí?

Ibi tí mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ má lọ síbẹ̀ kìkì láti gbọ́ iye owó tí a ó dá. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé máàkì ọmọ yín láti SS1 jáde, kí ẹ rí i lójú. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n wọ yàrá sáyẹ́ǹsì gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dárúkọ owó ìrànlọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà fún sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí òbí kan ṣoṣo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á bà á pé ọmọ òun á jìyà rẹ̀, ẹ̀rù náà sì tọ́. Nítorí náà, ẹ má lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe ara yín lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ogójì òbí sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, máàkì tí ọmọ gbà ni kẹ́ ẹ kọ. Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè, torí mo ti kọ èyí tí ọmọ ò gbà. NUT, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, ní láti sọ ní gbangba pé olùkọ́ tó bá kọ̀ láti ṣẹ̀dá máàkì wà lábẹ́ ààbò àwọn.

Aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì ní ẹkùn yín. Ẹ kọ̀wé síbẹ̀, kí ẹ mú un lọ fúnra yín. Kí èsì JAMB lò fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ ìdánwò yẹ èsì wò kó tó jáde, ká má tún máa fi ẹkún ọmọ wádìí àṣìṣe. Kí ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìbéèrè tí wọ́n bi í àti ìdáhùn tó mú, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti fi hàn án. Kí wọ́n má sì gbé ìdánwò kọ̀ǹpútà lọ bá ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà tó fi kọ́ iṣẹ́.

Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá náà gbọ́dọ̀ gbọ́ wa. Ètò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan nínú òfin orílẹ̀-èdè yìí. Èkó ti ṣòfin ní 2018 tó sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní ilé ìwé rẹ̀. Òfin yẹn wà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé àtijọ́ tí ẹ wà ní London àti Houston, gèètì tí ẹ kọ́ lẹ́wà, a dúpẹ́. Ilé ìkàwé tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ la wá ń fẹ́ báyìí, àti iná oòrùn tí kọ̀ǹpútà ogún máa lè lò.

Ní ilé ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní ojú ewé méjì, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu gèètì ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ó ní ọmọ òun wà lára àwọn tó fi tọ́ọ̀ṣì kọ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí mọ́kàndínlógún ló ti fọwọ́ sí i báyìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù yìí la ó mú un lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin, aago mẹ́wàá àárọ̀. Àyè ṣì wà lábẹ́ orúkọ kọkàndínlógún.